Ẹ̀ṣẹ̀ Tí O Ti Tọrọ Ìdáríjì Lé Lórí Láìmọye Ìgbà: Bí O Ṣe Máa Dí Ọ̀nà Tó Ń Gbà Wọlé

O ti bẹ Ọlọ́run. O ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. O ti gbààwẹ̀, bóyá o tiẹ̀ ti sunkún níwájú pẹpẹ, o sì dìde pẹ̀lú ìdánilójú pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ọ̀sẹ̀ ò tíì dé ìdajì tí o tún bá ara rẹ nídìí nǹkan kan náà. Nígbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fúnni pé bóyá ìgbàgbọ́ ẹni kì í ṣe ojúlówó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà ni pé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn la kó gbogbo agbára wa lé. À ń gbàdúrà pé kí á lè kọ̀ nígbà tí ìdánwò bá ti dúró síwájú wa, tí ara ti gbóná, tí ilẹ̀kùn ti tì. Ìṣubú kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí mélòó kan ṣáájú, nígbà tí ohun tí à ń ṣe kò tíì jọ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Bí o ṣe máa rí ibi tí ògiri tìrẹ ti lanu, tí o sì máa dí i, ni mo fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà lé lórí.

Ohun tí o nílò kí o tó bẹ̀rẹ̀

- Bíbélì.
- Ìwé kékeré kan tí ẹlòmíràn kì í ṣí, àti bírò. Má fi fóònù ṣe é, pàápàá bó bá jẹ́ pé fóònù ni ìdánwò rẹ ń gbà wọlé.
- Ọ̀sẹ̀ méjì tí o máa fi ṣọ́ ara rẹ láìparọ́.
- Ẹnì kan tí o lè finú hàn. Bí o kò bá tíì mọ ẹni náà, máa bá iṣẹ́ lọ. A ó dé orí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹfà.
- Ìdúró rẹ nínú Kristi. Róòmù 6:14 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kì yóò jọba lórí wa, ìdí tó sì fi lélẹ̀ ni pé a kò sí lábẹ́ òfin bí kò ṣe lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́. A kì í ja ìjà yìí kí Ọlọ́run lè tẹ́wọ́ gbà wá. Ó ti tẹ́wọ́ gbà wá nítorí Jésù, ìyẹn la fi lè jà. Ẹni tó bá yí i sódì á máa fi ẹ̀rù jà, ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kéèyàn jẹ́wọ́.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti wọ̀ lára. Bí ọwọ́ rẹ bá máa ń gbọ̀n láàárọ̀ tí o kò bá tíì mu, lọ rí dókítà kí o tó jáwọ́. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bó bá jáwọ́ lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà kò dín ìgbàgbọ́ kù. Oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ Ìhìn Rere (Kólósè 4:14). Bó bá sì jẹ́ pé ṣe lo máa ń gbé ọwọ́ sókè sí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ, ààbò wọn ló kọ́kọ́. Jáde kúrò níbi tí wọ́n wà, kí o sì sọ fún ẹnì kan lónìí. Má dúró de ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Pè é ní orúkọ rẹ̀

Mú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gun ìbínú, irọ́, ojúkòkòrò àti ìṣekúṣe lóṣù kan náà kò ní rí ọ̀kan yanjú. Kọ èyí tó ń dá ọ lóró jù sínú gbólóhùn kan: "Mo máa ń wo àwòrán oníhòòhò lóru." "Mo máa ń parọ́ owó fún ìyàwó mi." "Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ gún àwọn ọmọ mi lọ́kàn tí inú bá ń bí mi." Má kọ "àìlera mi" tàbí "ogun tí mò ń jà". Dáfídì sọ nínú Sáàmù 32 pé nígbà tí òun dákẹ́, egungun òun ń gbó, àfìgbà tí òun jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ òun láìbò ó mọ́lẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Àwọn kan máa ń ka ìdánwò fúnra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Èrò kàn gba ọkàn wọn kọjá, wọ́n ti gbà pé àwọn ti ṣubú, wọ́n bá kúkú jọ̀wọ́ ara wọn. Hébérù 4:15 sọ pé a dán Jésù wò ní ọ̀nà gbogbo bíi tiwa, síbẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀mí kan tí wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀tá wà, ṣùgbọ́n Jákọ́bù 1:14 ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ẹni ló ń fani lọ tó sì ń tanni jẹ. Bí o bá lọ síbi ìdáǹdè lẹ́ẹ̀mẹwàá láìyẹ ìfẹ́ ọkàn rẹ wò, ilé lo ṣì máa padà bá a.

*Àyẹ̀wò:* Ka gbólóhùn náà sókè níwájú Ọlọ́run. Bí "ṣùgbọ́n" tàbí "torí pé wọ́n" bá wà nínú rẹ̀, tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń fò jù, òun sì ni mo rí i pé gbogbo ìyókù dúró lé.

Ṣí 2 Sámúẹ́lì 11, kí o kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àsìkò tí àwọn ọba máa ń lọ sógun ni. Dáfídì rán Jóábù lọ, òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dìde lórí ibùsùn, ó ń rìn kiri lórí òrùlé ààfin. Ó rí obìnrin kan tó ń wẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wádìí ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní Bátíṣébà ni, aya Ùráyà. Ìgbà yẹn ló wá ránṣẹ́ lọ mú un wá.

Jíjókòó sílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Rírìn lórí òrùlé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ojú tó ṣèèṣì rí kò tíì dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀ ń nira sí i. Wo ìdáhùn tí wọ́n mú wá fún un: "aya Ùráyà." Kọ́ríńtì Kìíní 10:13 ṣèlérí pé nínú gbogbo ìdánwò ni Ọlọ́run ti máa ń ṣe ọ̀nà àtiyọ sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn gan-an ni ọ̀nà àtiyọ Dáfídì. Ó gbọ́ ọ, ó sì gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Ó wá kan tìrẹ. Mú ìgbà tó kẹ́yìn tí o ṣubú, kí o máa bi ara rẹ pé, "Kí ló ṣáájú?" Ojú ìwé ẹni tí ń bá àwòrán oníhòòhò jà lè rí báyìí:

Aago méjìlá òru ló ṣẹlẹ̀. Kí ló ṣáájú? Fóònù wà lọ́wọ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ló ṣáájú? Mo ní kí n kàn wò ó bóyá ẹnì kan ti fèsì. Kí ló ṣáájú? Oorun ò wá; ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ sí mi lójú gbogbo èèyàn lọ́sàn-án ló ń yí lọ́kàn mi. Kí ló ṣáájú? Mo dé sílé, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, mi ò jẹun, mo wọ yàrá mo tìlẹ̀kùn.

Ṣé o rí i? Ohun tí ó pè ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ọgbẹ́ ọkàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìtùnú ló ń wá, ibi tí kò sí ìtùnú ló sì lọ wá a sí. Bó bá ti gbàdúrà lé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nìkan, ọgbẹ́ náà wà níbẹ̀, á sì tún mú un jáde lóru ọ̀la.

Ebi, àárẹ̀, ìbínú, ìdánìkanwà, ọwọ́ tó dilẹ̀: wá àwọn wọ̀nyí nínú ìwé rẹ, o ò ní pẹ́ rí wọn. Ísọ̀ ti oko dé tòun ti àárẹ̀ àti ebi ló ta ogún ìbí rẹ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 25). Nígbà tí ó rẹ Èlíjà débi tó fi ń tọrọ ikú, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kí Ó tó bá a sọ̀rọ̀ (1 Àwọn Ọba 19). Ó dá mi lójú pé lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, ohun tó bá ìwà mímọ́ mu jù lọ fún Kristẹni tó ti rẹ̀ ni kó jẹun kó sì sùn.

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ ọjọ́ tí o ṣubú, kí o sì kọ ọjọ́ tí ìdánwò dé tí o kò ṣubú pẹ̀lú, torí pé ọjọ́ yẹn náà ní ohun tó ṣáájú rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á máa kọ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe lọ ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Kíkọ ọ́ máa ń tún iná rẹ̀ dá. Ohun tó ṣáájú nìkan ni kí o kọ.

*Àyẹ̀wò:* Ó yẹ kí ohun kan náà fara hàn lójú ìwé mẹ́ta, ó kéré tán. Fa ìlà sábẹ́ ibi àkọ́kọ́ pátápátá tí ì bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti yà kúrò. Bí o kò bá tíì rí i, fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Dí ibẹ̀

Róòmù 13:14 ní kí á gbé Jésù Kristi Olúwa wọ̀, kí á má sì ṣe pèsè fún ara láti mú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ìpèsè ni ohunkóhun tí o fi sílẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ̀ lè rọrùn nígbà tí ara bá bèèrè fún un.

Bó bá jẹ́ fóònù, kó máa sùn sí yàrá mìíràn láti àkókò kan lálẹ́, kí o sì ra aago tí yóò máa jí ọ. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, má sì gba ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ owó, jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ máa rí àkáǹtì yẹn. Bó bá jẹ́ ìbínú, bá àwọn ará ilé ṣàdéhùn nígbà tí inú gbogbo yín ṣì dùn: "Tí mo bá ní mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n jáde fún ogún ìṣẹ́jú, mo máa padà wá parí ọ̀rọ̀ náà." Kí o sì padà wá lóòótọ́.

Nínú Ìṣe 19:19, àwọn tí ń ṣe idán ní Éfésù kó ìwé wọn jáde, wọ́n dáná sun ún lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ṣírò iye rẹ̀, ó jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Wọn ì bá ti tà á. Wọn ò tà á.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Fífi ojú ihò kékeré kan sílẹ̀: nọ́ńbà tí o fi orúkọ mìíràn pamọ́, ìgò kan tí o ní àlejò lo tọ́jú rẹ̀ fún. Ojú ihò yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà máa gbà padà wọlé. Àṣìṣe kejì ni pé kéèyàn kó òfin lé ara rẹ̀ lórí débi tí kò fi ní lè mí. Kólósè 2:20-23 kìlọ̀ pé òfin "má fọwọ́ kàn án, má tọ́ ọ wò" nìkan kò lágbára láti kápá ìfẹ́ ara. Ilẹ̀kùn tí o tì ń ra àkókò fún ọ ni; Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń yí ọkàn padà.

*Àyẹ̀wò:* Tí ìfẹ́ náà bá sọ lọ́kàn rẹ báyìí, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ọwọ́ rẹ tó tẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà? Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ tó láti fi dìde, gbàdúrà, kí o sì pe ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fi ọ̀rọ̀ tó bá a mu sẹ́nu

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Jésù fi "a ti kọ ọ́ pé" dáhùn nínú aginjù (Mátíù 4). Inú Diutarónómì 8:3, 6:16 àti 6:13 ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ìwé tó ń sọ nípa ìrìn Ísírẹ́lì ní aginjù. Kò kàn mú ẹsẹ èyíkéyìí. Èyí tó dáhùn ohun tí wọ́n fi lọ̀ Ọ́ gan-an ló mú. Ìdánwò búrẹ́dì, Ó fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì dá a lóhùn.

Nítorí náà, mú ẹsẹ kan tó dojú kọ tìrẹ. Fún ìbínú, Jákọ́bù 1:19-20. Fún irọ́, Éfésù 4:25. Fún owó àti ojúkòkòrò, Hébérù 13:5. Fún ìṣekúṣe, 1 Tẹsalóníkà 4:3-5. Fún òfófó àti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, Éfésù 4:29. Kọ ọ́ sí ibi tí o fa ìlà sí ní ìgbésẹ̀ kejì, torí ibẹ̀ lo ti máa lò ó, kì í ṣe ìgbà tí iná bá ti ràn tán.

*Àyẹ̀wò:* Sọ ọ́ láìwòwé nígbà tí ó ti rẹ̀ ọ́ tí oorun ń kùn ọ́. Bí o bá ń ta kókó, kò tíì wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí wákàtí náà bá dé

Ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lò. Wákàtí náà kò gba àríyànjiyàn. Jósẹ́fù fi aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde (Jẹ́nẹ́sísì 39:12). 1 Kọ́ríńtì 6:18 ní kí á sá fún àgbèrè, kò ní kí á dúró bá a jà.

Kúrò níbi tí o wà. Bí o ti ń lọ ni kí o máa gbàdúrà, kí ó sì kúrú bíi ti Pétérù nígbà tó ń rì sínú omi: "Olúwa, gbà mí!" Sọ ẹsẹ rẹ sókè. Pe ẹni rẹ. Lẹ́yìn náà, ṣe ohun tó gba ọwọ́ àti ojú, láàárín àwọn èèyàn bó bá ṣeé ṣe. Ìfẹ́ tó ru sókè máa ń rọlẹ̀. Irọ́ tó máa ń pa ni pé àyàfi tí o bá fún un lóhun tó ń fẹ́ nìkan ni yóò tó dákẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Dídúró sínú yàrá kan náà, pẹ̀lú nǹkan kan náà níwájú ẹni, kéèyàn máa bẹ Ọlọ́run fún agbára. Ọlọ́run ti fún ọ lágbára láti dìde.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn rẹ̀, bi ara rẹ: ṣé mo kọ́kọ́ kúrò ni, àbí mo kọ́kọ́ rò ó wò?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Finú han ẹnì kan

Jákọ́bù 5:16 ní kí á jẹ́wọ́ fún ara wa, kí á sì gbàdúrà fún ara wa, kí a lè rí ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ ìyókù tán tí wọn ò ṣe èyí, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ìtìjú ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lágbára ju èyí tí ẹnì kan mọ̀.

Wá Kristẹni tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Kí ó jẹ́ ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún ọ. Ẹni tó bá ń gbé tiwọn wá sọ́dọ̀ rẹ yóò gbé tìrẹ lọ sọ́dọ̀ wọn. Má mú ẹni tí ìdánwò kan náà ń bá fínra lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lè jọ rì.

Bí o kò bá mọ ohun tí o máa sọ, sọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ṣe báyìí, ó ti pẹ́, mo sì fẹ́ jáwọ́. Mi ò ní kí ẹ wàásù fún mi lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ máa bi mí léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún mi." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Apá tó le jù ti kọjá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹni náà ti bi ọ́ léèrè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé o rán an létí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò bèèrè, bá a sọ̀rọ̀, tàbí kí o wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Má fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo

Lúùkù 11:24-26 sọ nípa ilé tí wọ́n gbá tí wọ́n sì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀mí tó jáde níbẹ̀ padà wá pẹ̀lú méje mìíràn. Éfésù 4:28 kò kàn ní kí olè má jalè mọ́. Ó ní kó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lè ní ohun tó máa fún aláìní. Wákàtí tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti ń gbà láti ọjọ́ yìí, fún un ní iṣẹ́ mìíràn: àdúrà pẹ̀lú ẹlòmíràn, ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ aláìsàn, oorun. Ẹnu tó ń gún ọmọ lọ́kàn, kó máa súre fún un láràárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí o bá ṣubú

Padà lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ Sunday, kì í ṣe ìgbà tí o bá ti "mọ́" díẹ̀. Ohùn méjì ló máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Ọ̀kan á ní, "O ti bà á jẹ́, kúkú parí ẹ̀ lónìí." Èkejì á ní, "Irú ìwọ yìí, ṣé o tún fẹ́ gbàdúrà?" Irọ́ ni méjèèjì. 1 Jòhánù 1:9 ní olóòótọ́ àti olódodo ni Ọlọ́run láti dárí jì wá bí a bá jẹ́wọ́.

Pétérù tó sẹ́ Jésù àti Júdásì tó dà Á, alẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀, ó sì dun àwọn méjèèjì. Júdásì gbé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olórí àlùfáà, àwọn yẹn ní èwo ló kàn wọ́n níbẹ̀, ó bá lọ pokùn so (Mátíù 27:3-5). Pétérù ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé Olúwa wà létíkun. Ó bẹ́ sómi, ó ń lọ bá A (Jòhánù 21:7). Oúnjẹ ló bá lórí iná ẹ̀yín. Bí ìṣubú rẹ bá ń mú ọ rò ó pé kí o gba ẹ̀mí ara rẹ, má dá nìkan gbàdúrà lórí ìyẹn: pe ẹnì kan sọ́dọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí o má sì dá wà.

Bó bá kan ẹlòmíràn, lọ tún un ṣe. Sákéù ní òun máa san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin (Lúùkù 19:8). Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé rẹ, bèèrè pé, "Kí ló ṣáájú?", kí o padà sí ìgbésẹ̀ kẹta pẹ̀lú ìdáhùn náà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Fífi ìyà jẹ ara ẹni bíi pé ìyẹn ló máa san gbèsè náà. Jésù ti san án.

*Àyẹ̀wò:* Wo bó ti ń pẹ́ tó láàárín ìṣubú àti ìpadàbọ̀ rẹ. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti di ọjọ́, tí ọjọ́ ti di wákàtí, ìgbésẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìwọ àti ẹni tí o finú hàn, ẹ jọ ka ìwé náà. Bí ìdánwò náà bá ti dákẹ́, má tíì ṣí ilẹ̀kùn kankan tí o tì. Lúùkù 4:13 sọ pé nígbà tí èṣù parí ìdánwò rẹ̀, ó fi Jésù sílẹ̀ títí di àkókò mìíràn. Ẹ jọ kọ àwọn àkókò mìíràn tìrẹ sílẹ̀: ìrìn àjò tí o máa sùn níta, àìsàn, ọjọ́ tí wọ́n bá yìn ọ́ gan-an, ọjọ́ tí wọ́n bá já ọ kulẹ̀. Kí ẹni náà kọ wọ́n sọ́wọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kó lè mọ ọjọ́ tó yẹ kó pè ọ́.